Ìjókòó Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ tí Alága kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin yìí, inú báàgì láílọ́ọ̀nù ni ọkùnrin náà jókòó sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjókòó ọkọ̀ ìdíje nìyẹn. Awakọ̀ á wọnú ọkọ̀, wọ́n á tẹ́ báàgì ńlá sábẹ́ rẹ̀ àti sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á da fóòmù olómi sínú báàgì náà, fóòmù á wú, á sì gba àwòrán ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń fún un, kò sì gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn náà wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fi fóòmù sílẹ̀ kó le, torí ó ṣì máa ń rọ̀ bíi búrẹ́dì tuntun fún nǹkan bíi wákàtí kan. Tó bá ti le tán, kò sí ẹlòmíràn láyé tí ìjókòó yẹn máa bá lára mu.

Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Alága. Kì í ṣe alága ohunkóhun o. Àga ló ń ṣe, àwọn mẹkáníìkì sì sọ ọ́ lórúkọ ṣẹ̀fẹ̀, bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ ọkọ̀ ìdíje náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń darí rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Alága, kò tíì lọ́kọ, Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn awakọ̀, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. "Ọkọ̀ lo mọ̀," ni Àǹtí máa ń wí, "o ò mọ ọkọ."

Ọkùnrin inú báàgì ńkọ́? Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló ń ṣí ìdérí ìgò omi. Àfi tó bá dé àṣíborí nìkan ni jẹ́jẹ́ tán lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba ife-ẹ̀yẹ tó ga jù nínú eré ìdíje ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó gba èyí tó kẹ́yìn. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì báyìí, ọdún méjì sì rèé tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè é pé kó wá wakọ̀.

"Ẹ má mira o," Alága sọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣé mo lè mí?"

"Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

"Ó gbóná o! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ sè mí."

"Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe fún yín látẹ̀yìnwá ńkọ́? Ṣé tútù ni tiwọn?"

"Ìgbà yẹn, ẹran ṣì wà nídìí mi. N ò mọ̀ ọ́n lára."

Alága bú sẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà bi í pé kí ló ń rí nínú gbogbo àwòrán ìdí tó ń kó jọ yìí. Alága ní ìwà èèyàn ló ń rí. Ó ní ẹnu lè purọ́, ojú lè purọ́, ṣùgbọ́n ìdí kì í purọ́.

"Yéè!" ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo gbé."

Ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ sọ nípa ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wà láyé rẹ̀, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi okùn so. Alága sọ bó ṣe máa ń sá wọnú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí á máa fẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì, tí itọ́ á kún ojú gíláàsì. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín èyí ni Àǹtí ti yọjú pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ṣé ẹ fẹ́ sin ín sínú ọkọ̀ ni?" Àǹtí béèrè. "Láti ìgbà tí mo ti lọ jẹun, tí mo ti jẹun tán, tí mo tún ti fọ abọ́?"

Alága wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú! Ó pariwo, ó sáré pe mẹkáníìkì méjì, wọ́n sì fa ọkùnrin náà jáde bí ìgbà tí wọ́n fa èèpo lára iṣu. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ojú tì í. Jẹ́jẹ́ di etí ọkọ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, pé ìjókòó pẹ́ ni. Alága gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé Jẹ́jẹ́ dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ti ń kú lọ. Sáà méjì gbáko, wọn ò gba máàkì kan ṣoṣo. Onígbọ̀wọ́ wọn ti kọ lẹ́tà pé bí sáà tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun ń lọ nìyẹn. Àyè awakọ̀ kan ló sì ṣófo. Bàbá fẹ́ Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ awakọ̀ tuntun kan, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, tí wọ́n ń pè ní Kíá, torí pé kíá ló ń ṣe gbogbo nǹkan, títí kan kó kọlu ògiri.

Ohùn mẹ́ta ló ń pinnu nínú ẹgbẹ́ náà: ti Bàbá, ti Ẹ̀gbọ́n, àti ti Alága, nítorí ìpín tí ìyá wọn fi sílẹ̀ kó tó kú, Alága ló fi í lé lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì òkè ṣọ́ọ̀bù, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí àwọn ọkọ̀.

"Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà," ni Bàbá wí, "kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Bàbá, ṣé àkísà la fẹ́ fi sáré ni?" Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

"Ọkùnrin yẹn ti gbàgbé ohun tí Kíá ò tíì mọ̀."

"Ìyẹn gan-an lẹ̀rù tó ń bà mí, pé ó ti gbàgbé."

Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú pápá sọ̀rọ̀. Wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ síbẹ̀. Ìyípo mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí pé táyà tó dáa tó kù nílẹ̀ ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyípo mẹ́wàá, kò tó ìṣẹ́jú ogún. Kíá sáré, ó dáa. Jẹ́jẹ́ wá sáré. Gbogbo àwọn mẹkáníìkì fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ó ń gba kọ́nà bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn, kò pariwo, kò jó táyà, ó sì fi bíi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yá ju Kíá lọ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò tíì gbà o, pé ìdíje gidi ju ìyípo mẹ́wàá lọ. Wọ́n dájọ́ ìpàdé ìpinnu sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ lára ìjókòó lẹ́yìn tí fóòmù bá ti le. Wọ́n á gé etí rẹ̀, wọ́n á fi sáńdípépà fá a kó dán, wọ́n á fi aṣọ tí iná ò lè jó bò ó. Awakọ̀ ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ Jẹ́jẹ́ ń wá lọ́sàn-án lójoojúmọ́. Á ra búrẹ́dì àti ọsàn wá, á fa bẹ́ńṣì, á mú sáńdípépà, á máa fá etí òsì bí Alága ti ń fá etí ọ̀tún. Ìdọ̀tí funfun á bo orí àwọn méjèèjì.

"Ọmọ mi," Àǹtí fẹnu sí i létí, "ọkùnrin yìí ò wá wo ìjókòó o. Ẹni tó ń ṣe ìjókòó ló ń wò."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo wí? Mo kàn ní ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ò tíì fọ́ ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ gbé sáńdípépà tirẹ̀ kalẹ̀.

"Alága."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Mo fẹ́ràn yín."

Alága ń fá ìjókòó lọ. "Ẹ tún un sọ. Ariwo sáńdípépà ò jẹ́ n gbọ́."

Irọ́ ni. Ó gbọ́ ọ ketekete.

"Mo ní mo fẹ́ràn rẹ." Ó ti sọ "yín" di "rẹ".

"Èmi náà," ni Alága wí.

"Ìwọ náà kí ni?"

"Èmi náà ni mo sọ. Ẹ bá mi di etí ọ̀hún mú, ó ń yọ̀."

Jẹ́jẹ́ bá a di etí ọ̀hún mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lo máa fi 'ẹ' yìí sílẹ̀ fún mi?"

"Ẹ fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Bàbá mi tọ́ mi."

Inú Alága dùn, ká má parọ́. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó báyẹn. Ó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn mẹkáníìkì ń wojú ara wọn. Ó ti mọ ohun tí òun máa sọ lọ́jọ́ ìpàdé: bẹ́ẹ̀ni. Ẹgbẹ́ á rí awakọ̀, Bàbá á rí onígbọ̀wọ́ mú dúró, òun náà á máa rí olólùfẹ́ òun lójoojúmọ́. Àbí ewo ló burú níbẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé, ó fẹ́ fi aṣọ bo ìjókòó, ó sì fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ihò ìbàdí òsì jìn dáadáa. Ti ọ̀tún ò jìn tó o, ó fi ìka kan àbọ̀ kéré. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ni ò tẹ èjìká ọkùnrin náà dáadáa. Ó tún un wọ̀n. Ó wá rántí pé Jẹ́jẹ́ mú ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ wá, èyí tó fi gba ife-ẹ̀yẹ kẹta, kí wọ́n lè máa wò ó ṣe. Ó gbé e jáde láti inú yàrá ẹrù, ó tò wọ́n ti ara wọn. Ti àtijọ́ dọ́gba bí àwo òṣùwọ̀n. Tuntun nìkan ló wọ́.

Alága jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìjókòó méjì náà. Ogójì ìṣẹ́jú! Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé tó sì fa ọkùnrin náà jáde bó ṣe ń fa gbogbo ayé jáde, ìjókòó á dọ́gba. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣeré, ó gbàgbé, fóòmù rírọ̀ sì ń gba àwòrán lọ. Lẹ́yìn tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kọjá, ọkùnrin náà ti gbé ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò sì gbé e padà mọ́. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe kì í jókòó bẹ́ẹ̀. Ìyípo mẹ́wàá lójú pápá, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ìdíje gidi, wákàtí kan àbọ̀.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé lọ́sàn-án, tòun ti búrẹ́dì rẹ̀, Alága ò kí i dáadáa.

"Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ ọ̀tún yín máa ń kú?"

Jẹ́jẹ́ dúró gbagidi. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìdí yín ni."

Alága ò rẹ́rìn-ín. Òun náà ò rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ wo ìjókòó méjèèjì, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Láti ìgbà ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pajápajá á mú mi nítan. Tó bá fi máa di ogójì ìṣẹ́jú, n ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi wà lórí búrékì àbí kò sí níbẹ̀. Mo máa ń wò ó."

"Ẹ máa ń wò ó?"

"Mo máa ń fojú wò ó. Bóyá ó wà níbẹ̀."

"Nínú eré àsápajúdé?"

"Kò pẹ́ tí mo fi ń wò ó."

Alága gbé rúlà kalẹ̀. "Dókítà ńkọ́?"

"Dókítà á ní kí n dùbúlẹ̀, á fi nǹkan gbá mi lórúnkún, ẹsẹ̀ á ta, á ní ó dáa. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ó mú Alága lọ́wọ́. "Olólùfẹ́ mi, sáà kan péré ni mo ń tọrọ. Kí n fi ojú rere kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ìwọ. Bí mi ò bá wakọ̀, kí ni mo jẹ́?"

"Ẹni tí mo fẹ́ kó wà láàyè ni ọ́!" Alága já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi "ẹ" sílẹ̀ fún un nìyẹn, kì í sì í ṣe bí àwọn méjèèjì ṣe rò ó. "Ìwọ ń wo ẹsẹ̀ rẹ, ta ló ń wo ojú ọ̀nà? Bóo bá gbá ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Lọ bá Bàbá mi, kóo sọ ọ́ fún wọn."

"Mi ò lè ṣe é."

"Mi ò ní tú àṣírí rẹ. Ṣùgbọ́n ohùn tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́, mi ò ní fi gbé ọ sínú pósí."

Jẹ́jẹ́ dìde. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó jáde jẹ́jẹ́, bó ṣe ń ṣe.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Jẹ́jẹ́ jókòó síbẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bàbá ti gbé ìwé àdéhùn sórí tábìlì, ó ti ṣí bíírò sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ni ni tèmi," ni Bàbá wí.

"Rárá ni tèmi," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe ìríra o. Ọjọ́ orí ni."

Gbogbo wọn wo Alága. Ẹ̀gbọ́n ti mí kanlẹ̀, ó mọ̀ pé òun ti pàdánù. Ta ni ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra?

Alága wo Jẹ́jẹ́. Ó dúró dè é kó sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ ń wo bíírò orí tábìlì.

"Rárá," ni Alága wí.

"Kí lo wí?" Bàbá béèrè.

"Mo ní rárá, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá lu tábìlì. "Irú ọ̀rọ̀ rírùn wo nìyẹn? Ẹgbẹ́ tí èmi àti ìyá rẹ fi ogbọ̀n ọdún kọ́, ìfẹ́ lo fẹ́ fi wó o? Tí o bá fẹ́ràn ẹ̀, ṣé ó yẹ kóo gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀?"

Alága gbé omijé mì. Jẹ́jẹ́ dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Alága nìkan ló rí i pé ó dì í mú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàbá ò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ nǹkan, á ní kí Àǹtí sọ fún "ẹni tó wà nísàlẹ̀". Wọ́n mú Kíá. Alága ṣe ìjókòó fún un, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìròyìn kàn án pé ẹgbẹ́ mìíràn ti ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé fóònù láti pe ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e kalẹ̀. Ó bínú sí Jẹ́jẹ́, ó tún bínú sí ara rẹ̀. Ó ní tí nǹkan kan bá ṣe ọkùnrin yẹn, òun ò ní lè dárí ji ara òun.

"Mi ò mọ ohun tóo mọ̀," Àǹtí sọ fún un bó ṣe ń gbé omi fún un mu. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́ ọ. O kì í ṣe òmùgọ̀. Mu omi."

Lọ́jọ́ kejìlá, láàárọ̀, Jẹ́jẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò yà sọ́dọ̀ Alága. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì tààrà, ó ní kí wọ́n pe gbogbo wọn, títí kan Àǹtí. Nígbà tí wọ́n pé, ó ká ṣòkòtò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sókè, àpá náà gùn láti orúnkún dé itan. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìjàǹbá, pajápajá, ẹsẹ̀ tó ń fojú wò.

"Ọmọ yín mọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé ló mọ̀. Ó ní kí n sọ fún yín, mo kọ̀. Ló bá gba èébú tó yẹ kó jẹ́ tèmi."

Ẹ̀gbọ́n ló béèrè: "Ẹgbẹ́ tó pè yín ńkọ́?"

"Mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fi mí sínú báàgì. Ẹni tó ń ṣe tiwọn kò bá mi sọ̀rọ̀, aago ló ń wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, wọ́n fà mí jáde, wọ́n ní ó dáa, wọ́n fún mi ní bíírò." Jẹ́jẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má rí i. Kò sì sẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú bíírò yẹn, mo rí i pé àwọn wọ̀nyí, bí mo bá kú sínú ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ ni wọ́n máa sunkún. Mo gbé bíírò kalẹ̀."

Ó wá yíjú sí Alága. "Dárí jì mí."

Alága fẹ́ sọ pé kò ní dárí jì í. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó gùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹkún gba ẹnu rẹ̀.

"Òpònú ni ẹ́," ló rí sọ.

"Bẹ́ẹ̀ni," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ó ń pè é ní 'ìwọ'," Àǹtí sọ fún Ẹ̀gbọ́n wúyẹ́wúyẹ́. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn."

Bàbá dìde lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "O jẹ́ kí n bú ọ," ló wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá. O jẹ́ kí n bú ọ, o ò tú àṣírí ẹni ẹlẹ́ni." Ó padà sídìí tábìlì, ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé àdéhùn àtijọ́ yẹn jáde. Ó fi bíírò fa ìlà gba orí "awakọ̀", ó sì kọ "olùkọ́ awakọ̀" sókè rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ló kú," ni Bàbá wí, "orí ò kú. Bẹ́ẹ̀ni ni tèmi."

Ẹ̀gbọ́n họ orí. "Kíá ti wó ògiri méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ni ni tèmi náà."

"Alága ńkọ́?"

"Tí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ìdíje," ni Alága wí, "bẹ́ẹ̀ni."

Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tó buwọ́ lù yẹn, òpin eré rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó díbọ́n pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní tàn yín pé wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Wọn ò gbà á. Kíá wó ògiri kẹta nínú ìdíje àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ń bá a sọ̀rọ̀ létí lórí rédíò, kọ́nà kan sí èkejì, nígbà tó sì di ìdíje kẹfà, wọ́n gba ipò kẹrin. Àwọn mẹkáníìkì gbé Ẹ̀gbọ́n sókè, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Onígbọ̀wọ́ kọ lẹ́tà pé òun á ṣì dúró fún ọdún kan sí i. Ọdún kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Jẹ́jẹ́ àti Alága ṣe ìgbéyàwó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ìdíje. Àǹtí ló rán aṣọ àwọn méjèèjì, ó ní òun tọrọ àforíjì, pé òun ò mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni ọkọ wà.

Ìjókòó yẹn ńkọ́? Kò wúlò fún ẹgbẹ́ mọ́, torí pé kò lè bá ẹlòmíràn lára mu. Alága ní kí àwọn mẹkáníìkì fi páìpù ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó fi aṣọ aláwọ̀ búlúù bò ó, ó sì gbé e sí pálọ̀ wọn. Gbogbo àlejò tó bá jókòó sínú rẹ̀ ló ń ráhùn pé ó wọ́, pé ó ń ti àwọn sí apá òsì. Ẹ̀gbọ́n ní kò yẹ oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́ kó gbé irú rẹ̀ sí pálọ̀, pé kó tún un ṣe. Alága ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí Jẹ́jẹ́ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Á máa ròyìn bí Kíá ṣe gba kọ́nà, Alága á máa bó ọsàn lórí àga ìdojúkọ rẹ̀, á ní, "O ò ní sọ pé ó tún sún mọ́ ògiri," wọ́n á máa jiyàn lọ. Tó bá fi máa tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Alága á fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀. Kì í wo aago, kì í sì í gbójú kúrò lára ọsàn tó ń bó. Jẹ́jẹ́ á gbé ẹsẹ̀ lé e, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.